Ọbẹ̀dò ń gba táńkì ẹja mi, àwọn ẹja inú rẹ̀ kò sì gba alábàágbé

ỌmọOyèmẹ́kùn, Àkúrẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń sin ẹja nínú ilé. Mo ní táńkì gíláàsì kan ní pálọ̀ wa ní Ìjàpọ̀. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó sì ń gba omi tó tó lítà 240. Oríṣi ẹja méjì ló wà nínú rẹ̀: Oscar méjì, pẹ̀lú Jack Dempsey méjì, akọ kan àti abo kan. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọbẹ̀dò, ohun tí àwọn olóyìnbó ń pè ní algae, ti ń yọ mí lẹ́nu níbẹ̀, oríṣi mẹ́ta ni mo sì ń rí. Ọ̀kan jẹ́ eruku aláwọ̀ ewé tó máa ń bo gíláàsì iwájú. Bí mo bá nù ún kúrò, kì í pẹ́ tí yóò fi padà dé. Èkejì jẹ́ ìṣùpọ̀ irun dúdú kúkúrú tó hù sí ẹnu ibi tí omi ti ń tú jáde láti inú fíltà àti sára igi tí mo rì sínú omi, ó sì le débi pé ìka kò lè fà á tu. Ẹ̀kẹta ló ń dẹ́rù bà mí jù lọ: ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ti ewé àti ti aró, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bo òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì dára.

Ẹni tó ta ẹja fún mi ní kí n ra ẹja kan tí wọ́n ń pè ní pleco, pé òun ni yóò máa lá gbogbo ọbẹ̀dò náà jẹ. Mo ra méjì. Àwọn Jack Dempsey kò jẹ́ kí wọ́n rójú ráàyè. Ọ̀kan kú, èkejì sá sẹ́yìn fíltà pẹ̀lú ìrù yíya. Ìgbín omi tí mo kó sí i kò pẹ́ kí àwọn Oscar tó sọ ọ́ di oúnjẹ. Ní báyìí, abo Jack Dempsey ti yé ẹyin sórí òkúta pẹlẹbẹ kan, bí mo bá sì ti ki ọwọ́ bọ omi láti nu gíláàsì, ńṣe ni akọ ń já wá bù mí jẹ.

Kí ẹ lè mọ bí mo ṣe ń tọ́jú wọn: táńkì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn. Oúnjẹ oníhóró tí a fi ń sin ẹja àrọ̀ ni mo ń fún wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì máa ń fi ẹ̀dọ̀ màlúù kún un. Omi kànga ni à ń lò. Iná orí táńkì kì í kú níwọ̀n ìgbà tí iná mànàmáná bá wà. Wọ́n ń ta oògùn olómi kan nínú ìgò tí wọ́n ní ó ń pa ọbẹ̀dò láàárín ọjọ́ kan péré. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n rà á?

Ará Ọ̀bà-Ilé

Ẹ má tíì rà á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ ka ara ìgò náà dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi èròjà bàbà ṣe, bàbà tó bá sì ti lé díẹ̀ nínú omi, májèlé ni fún ẹja. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé bí ọbẹ̀dò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, jíjẹrà rẹ̀ yóò fa atẹ́gùn inú omi tán, ẹ ó sì bá àwọn ẹja yín lójú omi níbi tí wọ́n ti ń la ẹnu wá èémí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ yè é, gbogbo ohun tí ọbẹ̀dò náà jẹ dàgbà yóò padà sínú omi, òmíràn yóò sì hù.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Alágbàka

Òótọ́ ni Ará Ọ̀bà-Ilé sọ. Dída oògùn sí irú táńkì yìí, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ohun méjì ni ọbẹ̀dò ń jẹ: ìmọ́lẹ̀, àti ìdọ̀tí tó ti yọ́ sínú omi. Ohun tí ẹja bá jẹ tó sì yà, àti èyí tí kò jẹ tó rì sísàlẹ̀, ammonia ni yóò dà. Àwọn bakitéríà inú fíltà a sọ ammonia di nitrite, wọn a sì tún sọ nitrite di nitrate. Ammonia àti nitrite ń pa ẹja. Nitrate kì í tètè pa á, ṣùgbọ́n bí ajílẹ̀ ṣe rí fún àgbàdo ló ṣe rí fún ọbẹ̀dò, phosphate tó wà nínú oúnjẹ ẹja sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹja ńlá mẹ́rin tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ nínú lítà 240, ìdọ̀tí wọn ju ohun tí omi náà lè gbé lọ. Oscar kan ṣoṣo, bó bá dàgbà tán, lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ fi ẹ̀dọ̀ màlúù sílẹ̀ pátápátá. Ó ń tètè dọ̀tí omi, ọ̀rá ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò sì bá inú ẹja mu. Oúnjẹ àrọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é kí àrọ̀ lè tètè sanra lọ sọ́jà ni. Ẹja tí a fẹ́ máa wò fún ọ̀pọ̀ ọdún kò nílò rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ti tó fún àgbà ẹja, ìwọ̀n tí wọn yóò jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbààwẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Wọn yóò máa tẹ̀ lé yín káàkiri láti inú gíláàsì, wọn yóò máa la ẹnu sí yín. Oscar mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ má dá a lóhùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni ìmọ́lẹ̀. Oòrùn òwúrọ̀ tó ń gba fèrèsé yẹn wọlé lágbára ju iná orí táńkì lọ fíìfíì. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ sún táńkì náà pẹ̀lú omi nínú rẹ̀ o, nítorí lítà 240, kílò 240 ni, kí a má tíì ka gíláàsì àti òkúta. Ó lè sán. Ẹ kúkú lẹ páálí dúdú mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fèrèsé, kí ẹ sì fi kọ́tìnì tó nípọn sí i. Ní ti iná, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó lóòjọ́. Bí ẹ ṣe ń ṣe é yìí, bí iná bá dé láago méjì òru, yóò máa tàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, oòrùn yóò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ra táímà, kí ẹ fi iná náà sí i. Ẹ sì máa pààrọ̀ omi; ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló kéré jù fún irú ẹja wọ̀nyí.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ẹ kú ọ̀rọ̀ àgbà, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ẹ̀kọ́ ẹja tí mò ń kọ́ wo oríṣi mẹ́ta náà, nítorí ohun tó ń tọ́jú ọ̀kan kọ́ ló ń tọ́jú èkejì. Eruku aláwọ̀ ewé ara gíláàsì, ọbẹ̀dò lásán ni, kò lè pa ẹja lára, fífọ̀ àti dídín ìmọ́lẹ̀ kù sì ti tó o. Irun dúdú náà ni àwọn tó ń sin ẹja ń pè ní black beard algae. Lóòótọ́ ó dúdú lójú, ṣùgbọ́n inú ẹbí ọbẹ̀dò pupa ló wà; bó bá ń kú lọ, ẹ ó rí i tí yóò máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú kó tó di funfun.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ọbẹ̀dò rárá. Cyanobacteria ni, ìyẹn bakitéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ewé ti ń ṣe. Ẹ lè fi òórùn rẹ̀ dá a mọ̀. Ẹ tún lè fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé etí rẹ̀ sókè: odindi abala kan ni yóò ṣí kúrò lórí òkúta lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ibi tí omi kò ti ṣàn dáadáa, tí ìdọ̀tí kóra jọ sí, ló máa ń gbà. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ omi, ẹ fi rọ́bà tí ẹ fi ń fa omi fa á jáde bó bá ti lè pọ̀ tó, kí ẹ sì yí ẹnu fíltà kí omi máa fẹ́ sí ibi tó ti ń hù. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná, ẹ fi aṣọ tó nípọn bo gbogbo táńkì náà fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ìmọ́lẹ̀ kankan má wọ ibẹ̀. Fíltà àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn kò gbọ́dọ̀ dúró ní gbogbo àkókò yẹn. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ pààrọ̀ omi lójú ẹsẹ̀, nítorí ohun tó kú yóò ti máa jẹrà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ lọ ra erythromycin ní kẹ́míìsì, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ó ń pa cyanobacteria lóòótọ́, àmọ́ ó lè ṣèpalára fún àwọn bakitéríà rere inú fíltà, oògùn tí ènìyàn ń lò sí àìsàn kò sì yẹ ní dídà sínú omi ẹja láìnídìí.

Ẹ̀kìmọ̀gún, Oǹdó

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dá pleco lẹ́bi nítorí ohun tí ojú ẹ̀gbọ́n wa rí. Lọ́dọ̀ mi ní Oǹdó níbí, pleco kan ń gbé pẹ̀lú Oscar láti kékeré, kò sí ìjà láàárín wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ni pé pleco náà kéré, wọ́n sì wọ ilé tó ti ní onílé. Orúkọ abẹ̀ṣẹ́ ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọ̀gá àwọn abẹ̀ṣẹ́ oníwọ̀n wíwúwo lágbàáyé láti 1919 sí 1926 ni wọ́n fún Jack Dempsey, ìwà rẹ̀ sì bá orúkọ náà mu gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹja kún irú ilé bẹ́ẹ̀, kó tún òkúta àti igi inú rẹ̀ tò kí onílé kankan má mọ ààlà rẹ̀ mọ́, kó fún àwọn ẹja àtijọ́ lóúnjẹ, kó pa iná, lẹ́yìn náà ni kó tú àlejò sílẹ̀ lóru. Pleco tó bá ti tóbi ju ohun tí ẹnu Oscar lè gbà lọ kò ní ìṣòro, nítorí ara rẹ̀ le koko.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Alágbàka

Ọmọ mi Ẹ̀kìmọ̀gún, mi ò jiyàn pé wọ́n lè jọ gbé. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò ní ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á. Pleco tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń lá ọbẹ̀dò nígbà tó bá kéré, ṣùgbọ́n bó bá ti dàgbà, oúnjẹ tó bọ́ lẹ́nu àwọn yòókù ló ń dọdẹ, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45. Ẹ wo ìsàlẹ̀ táńkì tó bá wà ní òwúrọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ gígùn a sùn káàkiri bí òwú. Ìdọ̀tí lẹ fi kún ìdọ̀tí nìyẹn. Kò sì ní fi ẹnu kan irun dúdú tàbí ohun tó ń yọ̀ lórí òkúta. Ẹ̀gún apá rẹ̀ tún wà ńbẹ̀: bí Oscar bá gbìyànjú láti gbé pleco kékeré mì, ẹ̀gún náà lè há a lọ́fun, kí àwọn méjèèjì sì bá a lọ.

ỌmọOyèmẹ́kùn, èyí tó sá sẹ́yìn fíltà yẹn, ẹ yọ ọ́ lónìí kí ẹ bá a wá ilé mìíràn, àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ẹ má ṣe lọ dà á sí odò Àlà. Ní Florida àti ní Mẹ́síkò, àwọn pleco tí ènìyàn dà sódò ti bí sí i débi pé ihò tí wọ́n ń gbẹ́ láti yé ẹyin sí ń mú kí bèbè odò máa ya lulẹ̀.

ỌmọÌlàjẹ, Igbókòdá

Àwọn àgbà ní ojú oró ni yóò lékè omi, òṣíbàtà ni yóò lékè odò. Ojú oró yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ lò. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń so rọ̀ sínú omi, láti ibẹ̀ ló sì ti ń fa nitrate àti phosphate tí ọbẹ̀dò ìbá jẹ. Ewé rẹ̀ tún ń ṣíji bo omi, kí ìmọ́lẹ̀ má pọ̀ jù nísàlẹ̀. Ó ń tètè bí. Bí ẹ bá ti ń ṣa èyí tó lé kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdọ̀tí inú omi lẹ ń kó jáde nínú ilé.

Ibi tí omi rẹ̀ mọ́ ni kí ẹ ti já a. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó gbé e wọlé, nítorí eṣúṣú àti ọmọ kòkòrò máa ń fara pamọ́ sí gbòǹgbò rẹ̀. Oscar yóò fẹ́ já gbòǹgbò náà, nítorí náà ẹ fi àwọ̀n dá igun kan sí fún un. Èyí tí ẹ bá ṣà kúrò, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ kí ẹ tó dà á nù sóko. Ẹ má dà á sínú odò. Àwa tí a ń gbé lójú omi mọ ohun tí koríko orí omi ń fi ojú apẹja rí nígbà tó bá dí ọ̀nà ọkọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ọ̀rọ̀ gidi ni ọmọ Ìlàjẹ sọ. Bí àwọn Oscar kò bá gbà fún ojú oró rárá, òdòdó afà tí wọ́n ń pè ní money plant lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ gbé ẹ̀ka rẹ̀ sínú ife ike tí ẹ dá lu, kí ẹ gbé ife náà kọ́ etí táńkì, kí gbòǹgbò wà nínú omi, kí ewé wà níta. Ẹja kò ní rí i fà.

Olókúta, Oǹdó

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Ẹja mbuna láti adágún Malawi ni mo ń sìn, àwọn náà jẹ́ oníjà paraku, ṣùgbọ́n èmi kì í fọ ọbẹ̀dò kúrò lórí òkúta mi. Oúnjẹ wọn ni. Nínú adágún tí wọ́n ti wá, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni kí wọ́n máa ha ọbẹ̀dò jẹ lára àpáta, ó sì dára fún ikùn wọn ju oúnjẹ ẹlẹ́ran lọ. Gíláàsì iwájú nìkan ni mo ń nù. Kí ló dé tí ẹ fi ń bá a jà tó báyìí?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Alágbàka

Nítorí pé mbuna kọ́ ni ẹja rẹ̀. Oscar àti Jack Dempsey kì í ha àpáta jẹ; ẹran, kòkòrò àti ẹja kéékèèké ni wọ́n ń jẹ. Ohun tí ẹ sọ dára fún ẹni tó bá ń sin mbuna, kí ẹni tó ń sin Oscar má gbà á lò. Àmọ́ mo gbà pẹ̀lú yín lórí ohun kan: ọbẹ̀dò kékeré aláwọ̀ ewé lórí òkúta ẹ̀yìn kì í ṣe àbùkù, kò sì sí ìdí tí a ó fi máa da ilé rú nítorí rẹ̀.

Ọmọ Sábò

Gbogbo àlàyé yìí ti gùn jù. Kó kó ẹja sínú bọ́ọ̀lù, kó da omi náà nù pátápátá, kó fi ọṣẹ fọ òkúta àti fíltà, kó sá wọn sóòrùn, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Bàbá Arákalẹ̀

Ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fi ọṣẹ fọ fíltà tí ẹ sì sá a sóòrùn, gbogbo bakitéríà tí ìyá wa ní ó ń sọ ammonia di ohun tí kò pa ẹja, ẹ ti pa wọ́n tán. Ẹja ńlá mẹ́rin yóò wá máa mu ammonia ara wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọṣẹ kò sì ṣe é fọ̀ tán lára òkúta. Fóòmù fíltà, inú omi táńkì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bù jáde ni kí ẹ ti fún un, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kan náà tí ẹ fa ìsàlẹ̀.

Ní ti ẹja tó ń gé ènìyàn jẹ, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sìn wọ́n, ọ̀nà tí mo mọ̀ nìyí. Ẹ gé ike pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara ní ìwọ̀n ìbú táńkì, kí ẹ dá ihò kéékèèké lu sí i kí omi lè gba inú rẹ̀. Ẹ fi oúnjẹ díẹ̀ fa àwọn ẹja sí apá kan, kí ẹ ki ike náà bọ̀ ọ́ láàárín, kí ẹ wá fọ apá kejì ní ìrọ̀rùn. Ẹ pa iná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹja oníjà máa ń rọlẹ̀ nínú òkùnkùn. Magínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń nu gíláàsì láti ìta dára, ṣùgbọ́n ẹ máa gbé e sókè díẹ̀ bó bá ti fẹ́ dé ìsàlẹ̀. Bí ẹyọ yanrìn kan bá há sí i, yóò fá gíláàsì yín, ojú fífá kì í sì í lọ mọ́. Aṣọ ìnuǹkan tó ti rí ọṣẹ rí kò gbọ́dọ̀ wọ inú omi yẹn.

ỌmọOyèmẹ́kùn, Àkúrẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Mo ti gbé pleco náà lọ fún ọ̀rẹ́ kan tí ẹja rẹ̀ kò níjà, páálí dúdú sì ti wà lára gíláàsì. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Táímà tí mo rí lọ́jà jẹ́ irú èyí tó ní agogo tó ń yí. Ṣé ó lè ṣe é pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀? Báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá omi kànga wa dára? Ọ̀nà wo ni n ó sì gbà yọ irun dúdú lára igi?

Ará Ọ̀bà-Ilé

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti táímà, nítorí ohun tí ìyá wa sọ nílò àfikún. Táímà tó ń yí, iná ló ń yí i. Bí iná bá lọ fún wákàtí márùn-ún, òun náà yóò dúró fún wákàtí márùn-ún, kò sì ní lé àkókò tó pàdánù bá. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, yóò ti máa tan iná fún yín lóru. Èyí tó ní ojú nọ́ńbà, tí bátìrì kékeré wà nínú rẹ̀, ni kí ẹ rà. Bí iná bá lọ, agogo rẹ̀ kì í dúró. Bí kò bá sí iná ní ọ̀sán, ẹ má ṣe tan iná pẹ́ ní alẹ́ láti fi dí i. Àìsí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan kò ṣe ẹja ní nǹkan kan.

Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì fíltà, ti hítà àti ti iná kúrò lára ògiri. Kì í ṣe kí ẹ kàn pa súwíìṣì. Ẹ sì jẹ́ kí wáyà kọ̀ọ̀kan tẹ̀ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè padà, kí omi tó bá ń tọ ara wáyà lè kán sílẹ̀ dípò kó wọ inú iná.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ní ti kànga, ẹ ra ohun àyẹ̀wò nitrate tí wọ́n ń tà fún ẹja, kí ẹ yẹ omi kànga fúnra rẹ̀ wò lọ́tọ̀, kí ẹ tó yẹ omi táńkì wò. Kànga tó bá sún mọ́ ṣaláńgá tàbí sọ́kàwéè lè ní nitrate púpọ̀ nínú láti ìpìlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà nísàlẹ̀ oko tí wọ́n ń da ajílẹ̀ sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ omi lẹ ń bọ́ ọbẹ̀dò. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi milígíráàmù 50 nínú lítà kan ṣe òpin nitrate nínú omi mímu. Bí tiyín bá kọjá èyí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹja: ẹ má fi omi náà po oúnjẹ ọmọ ọwọ́, nítorí nitrate kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ìkókó gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ, sísè kì í sì í yọ ọ́ kúrò.

Bó bá jẹ́ pé kànga ni ìṣòro, omi òjò wà. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé kí ẹ tó gbe é, kí ẹ sì pò ó mọ́ omi kànga ní ìdajì sí ìdajì; òjò nìkan kò ní èròjà tó lè mú kí omi dúró déédéé. Omi odò Amazon tí Oscar ti wá kò le, nítorí náà ìpòpọ̀ yìí kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n Olókúta kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mbuna, nítorí omi líle ni tiwọn. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ gbé omi tuntun sínú ilé kó yá díẹ̀ kí ẹ tó dà á sí wọn lára.

Irun dúdú ara igi, ẹ gbé igi náà jáde, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun hydrogen peroxide, oògùn olómi tí wọ́n fi ń fọ egbò, sí i, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, kí ẹ wá fi omi ṣàn án dáadáa kí ẹ tó dá a padà.

Apòògùn, Òkè-Àró

Ó kù díẹ̀ káàtó, ọmọ mi. O kò sọ bí agbára rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tó. Ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn ẹlẹ́ja ń lò, òun ni wọ́n ń kọ 10 volume sí lára. Èyí tó jẹ́ 20 volume náà wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni. Èyí tó jẹ́ 20 volume yìí, ẹ fi omi tó bá a dọ́gba là á kí ẹ tó lò ó. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kó ta sí yín lójú. Kò sí ìdí tí a ó fi dà á sínú táńkì tí ẹja wà. Igi àti òkúta tó bá ṣe é gbé jáde nìkan ni.

ỌmọOyèmẹ́kùn, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. N ó ra táímà oníbátìrì, n ó sì wá ohun àyẹ̀wò omi. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ẹyin ṣì wà lórí òkúta pẹlẹbẹ náà. Ṣé kí n bo táńkì náà báyìí nítorí ohun tó ń yọ̀ yẹn, àbí kí n dúró?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Alágbàka

Ẹ dúró. Òkùnkùn kò ní pa ẹyin lára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fa ìsàlẹ̀ tí ẹ sì ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ báyìí, ẹ̀rù lè ba àwọn òbí náà kí wọ́n jẹ ẹyin wọn, tàbí kí wọ́n dojú ìjà kọ àwọn Oscar. Ẹyin Jack Dempsey kì í pẹ́ pa. Láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó rí i tí wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí àárín òkúta wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ kankan yè, ẹ ti fi ike tí Bàbá Arákalẹ̀ sọ dá àwọn Oscar sí apá kejì láti ìsinsìnyí. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ lè dín oúnjẹ kù, ẹ lè dín iná kù, ẹ sì lè máa fa omi láti apá tó jìnnà sí òkúta pẹlẹbẹ náà. Kò sí èyí tó gba pé kí ẹ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ tí ẹ sì ti bù wọ́n sínú táńkì mìíràn ni kí ẹ tó fa ohun tó ń yọ̀ yẹn jáde, kí ẹ wá bo gíláàsì.